ÌTÀN ÌGBÉSÍ AYÉ J. P. L. DAVIES (1828–1906): ILÉ, GBÈSÈ ÀTI KÒKÓ

Ẹ̀yin ọmọ Adó nílé àti lẹ́yìn odi, ẹni tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún yín lọ́dún yìí kì í ṣe ọmọ Adó, kì í sì í ṣe ọmọ Èkìtì. Èkó ni ó gbé, Èkó ni ó ti là, Èkó náà ni ó sì kú sí, ó sì ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó ti re ibi àgbà ń rè. Ṣùgbọ́n ohun méjì ni ó jẹ́ kí ìtàn rẹ̀ kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Èkíní ni pé ó wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gbin kòkó ní ilẹ̀ Yorùbá, kòkó yìí kan náà ni ó sì fi páànù sórí ilé àwọn baba wa. Èkejì ni pé ojú rẹ̀ rí ohun tí ojú ọlọ́lá tí gbèsè ká mọ́lé máa ń rí. Ní àkókò yìí tí púpọ̀ nínú wa ń kọ́ ilé ayálégbé sí Adó, tí àwọn kan sì ń yá owó kọ́ ọ, ó yẹ kí a jókòó ti ìtàn ọkùnrin yìí fún ìgbà díẹ̀.

Ìbí rẹ̀ àti ẹ̀kọ́ rẹ̀

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1828 ni a bí James Pinson Labulo Davies ní abúlé Bathurst, ní ilẹ̀ Sierra Leone tí àwọn baba wa ń pè ní Sàró. Ọmọ Yorùbá ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Abẹ́òkúta ni orírun bàbá rẹ̀, Ògbómọ̀ṣọ́ sì ni ti ìyá rẹ̀. Wọ́n wà lára àwọn tí a kó lẹ́rú, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun, tí a sì kó lọ sí Sàró láti bẹ̀rẹ̀ ayé tuntun. Ọmọ ẹni tí kò ní ilẹ̀, tí kò ní oko, tí kò sì ní ilé bàbá tí yóò padà sí, ni Davies. Ó dá wa lójú pé ẹni tí a bí sí irú ipò bẹ́ẹ̀ kò ní fi ọ̀ràn ilẹ̀ àti ilé ṣeré bí ó bá dàgbà.

Ní ọdún 1848 ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama àwọn C.M.S. ní Freetown, níbi tí ó ti kọ́ ìṣirò, ìmọ̀ nípa ilẹ̀ ayé, èdè Látìnì àti ti Gíríìkì. Ó ṣe iṣẹ́ olùkọ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ó wọ inú ọkọ̀ ogun ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọkọ̀ kan náà tí wọ́n ń lé àwọn olówò ẹrú kiri etí òkun. Ó kọ́ bí a ti ń tu ọkọ̀ ńlá àti bí a ti ń fi ìràwọ̀ mọ ọ̀nà lójú òkun. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ńlá kọlu Èkó ní oṣù kejìlá ọdún 1851, Davies wà nínú ọkọ̀ Bloodhound, ó sì fara gbọgbẹ́ nínú ìjà náà. Ní ọdún 1852 ó fi iṣẹ́ ogun sílẹ̀, ó di ọ̀gá ọkọ̀ òwò, ó sì ń ná gbogbo etí òkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Nígbà tí ó di ọdún 1856, ó kó wá sí Èkó láti máa gbé ibẹ̀.

Ó di oníṣòwò ńlá

Òwò epo pupa àti ẹkùrọ́ ni ó gbòde nígbà náà. Láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni aṣọ àti àwọn ọjà mìíràn ti ń wá, láti ilẹ̀ Yorùbá ni epo ti ń lọ. Davies mọ ojú òkun, ó mọ èdè òyìnbó, ó sì mọ èdè baba rẹ̀. Kò pẹ́ rárá tí ó fi di ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́rọ̀ tí a ń fi ọwọ́ tọ́ka sí ní Èkó.

Kò jẹ ọrọ̀ náà nìkan. Ní ọdún 1859, nígbà tí Thomas Babington Macaulay, bàbá Herbert Macaulay, fẹ́ dá ilé-ẹ̀kọ́ girama C.M.S. sílẹ̀ ní Èkó, Davies ni ó mú £50 jáde láti fi ra ìwé àti ohun èlò. Ilé-ẹ̀kọ́ náà ni àkọ́kọ́ nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama ní orílẹ̀-èdè yìí, ó sì wà títí di òní. Kí a fi èyí sí ọkàn, nítorí pé nínú gbogbo ohun tí Davies fi owó rẹ̀ ṣe nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ kún, £50 yìí wà lára àwọn tí ayánilówó kò lè nawọ́ sí.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1862, ó gbé Sarah Forbes Bonetta níyàwó ní ìlú Brighton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọbìnrin Yorùbá láti apá Ẹ̀gbádò ni Sarah. Àwọn ará Dahomey ni wọ́n kó o lẹ́rú ní kékeré, kí ọba wọn tó fi í ta ọ̀gá ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan lọ́rẹ ní ọdún 1850. Ọbabìnrin Victoria ni ó gba ìtọ́jú rẹ̀. Ìgbéyàwó náà gbilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìwé ìròyìn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi kọ ọ́ káàkiri. Nígbà tí wọ́n bí àkọ́bí wọn ní obìnrin, Victoria ni wọ́n sọ ọ́, ọbabìnrin náà sì ṣe ìyá ìsàmì fún un.

Ìwé ilẹ̀ dé Èkó

Ibi tí ọ̀rọ̀ wa wà gan-an ni a dé yìí. Kí òyìnbó tó gba Èkó, ilẹ̀ kì í ṣe ohun tí ẹnì kan ń dá ní. Ti ìdílé ni, ti àwọn ìjòyè onílẹ̀ ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ilé yóò tọrọ ibi tí yóò kọ́ ọ sí, yóò sì máa gbé ibẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò fi irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ yá owó lọ́wọ́ àlejò, nítorí pé àlejò kò lè gbà á bí a kò bá san gbèsè.

Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ ọdún 1861, Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tí ó sọ Èkó di ti Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1863, ìjọba ṣe òfin láti wádìí ẹni tí ó ni ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé ilẹ̀ lé àwọn ènìyàn lọ́wọ́. Láti ìgbà náà ni ilẹ̀ Èkó ti di ohun tí a lè tà, tí a lè háyà, tí a sì lè fi dógò.

Àwọn oníṣòwò rí i pé ilé lè mú owó wá ní ọ̀nà méjì. Ọ̀nà kìíní ni owó ilé. Ìjọba tuntun ń wá ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ yóò gbé, àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó sì ń wá ilé ìkẹ́rùsí létí ọ̀sà. Ẹni tí ó bá ní ilé sí Marina tàbí sí ẹ̀bá rẹ̀ kò ní wá ayálégbé tì. Ọ̀nà kejì ni ìwé ilé fúnra rẹ̀. Bí oníṣòwò bá mú ìwé ilé rẹ̀ lọ fún ilé-iṣẹ́ òyìnbó, wọn yóò kó ọjà fún un ní àwìn, tàbí kí wọ́n yá a lówó. Bí ó bá san án tán, a gba ìwé rẹ̀ padà. Bí kò bá lè san án, ilé di ti wọn.

Ọ̀nà kìíní lọ́ra, ṣùgbọ́n ó dájú. Ọ̀nà kejì yá, ṣùgbọ́n ọ̀fìn wà nínú rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn oníṣòwò Èkó ìgbà náà, tí Davies wà lára wọn, ni ó gba ọ̀nà kejì.

Bí gbèsè ṣe ká a mọ́lé

A kò gbọdọ̀ fi ojú òmùgọ̀ wo Davies. Bí a ti ń ṣòwò nígbà náà nìyẹn. Àwọn ará Manchester ń kó aṣọ ránṣẹ́ ní àwìn, oníṣòwò Èkó yóò tà á fún àwọn tí ń wọ ilẹ̀ lọ, àwọn wọ̀nyí yóò kó epo bọ̀, a ó kó epo lọ sí Liverpool, owó epo ni a ó sì fi san owó aṣọ. Oṣù púpọ̀ máa ń kọjá kí gbogbo èyí tó parí. Bí ohun gbogbo bá lọ déédéé, èrè ń bẹ. Bí ibì kan péré bá yẹ̀, gbèsè yóò máa dúró de onígbèsè ní ọjọ́ tí a dá.

Ibi tí ó yẹ̀ kò sì mọ ní ọ̀kan. Láti ọdún 1852 ni ọkọ̀ elétutù ti ń wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lóòrèkóòrè, tí ẹni tí kò ní ọkọ̀ tirẹ̀ sì lè kó ọjà díẹ̀ sínú rẹ̀, nítorí náà àwọn oníṣòwò pọ̀ sí i, èrè sì kéré sí i. Láti ọdún 1859 ni wọ́n ti ń wa epo rọ̀bì jáde ní Amẹ́ríkà, epo pupa kò sì níyì mọ́ tó ti tẹ́lẹ̀ lọ́jà òyìnbó. Nínú ilẹ̀ Yorùbá, ogun kò jẹ́ kí ọ̀nà là, ìgbà púpọ̀ sì ni wọ́n ti ojú ọ̀nà tí epo ń gbà dé Èkó. Davies kò lè ṣe ohunkóhun sí ọ̀kankan nínú nǹkan wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n iye tí ó jẹ kò dín kù nítorí pé owó epo dín kù.

Láàárín ọdún 1870 sí 1880, ọ̀ràn náà bẹ́ síta. Òun àti ilé-iṣẹ́ Child, Mills ti ìlú Manchester wọ ìjà lórí gbèsè, ẹjọ́ tẹ̀ lé ẹjọ́, a sì kéde pé kò lè san gbèsè rẹ̀. Ohun tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ wá di ohun tí a ń ṣírò nínú ìwé àwọn lọ́yà. Ilé tí ì bá máa mú owó wá fún un ní ọjọ́ ogbó, gbèsè òwò ni ó gbé e lẹ́rù. Owó ilé ń wọlé díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún, gbèsè sì ń béèrè gbogbo tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìbànújẹ́ mìíràn tún tẹ̀ lé e. Ikọ́ àwúfẹ̀ mú Sarah aya rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí erékùṣù Madeira bóyá afẹ́fẹ́ ibẹ̀ yóò ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ó kú sí ní oṣù kẹjọ ọdún 1880. Ọkọ rẹ̀ ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún nígbà náà, aya kò sí mọ́, ọrọ̀ àtijọ́ sì ti fọ́nká.

Ó mú ọkọ́, ó lọ sí oko

Púpọ̀ ènìyàn ni irú nǹkan báyìí bá, tí wọn kò gbérí mọ́. Davies kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1879 ó rí èso kòkó gbà láti inú ọkọ̀ kan tí ó ti Brazil wá, ní ọdún 1880 ó tún rí òmíràn láti erékùṣù Fernando Po tí a ń pè ní Bioko nísinsìnyí. Ó gbìn ín sí oko rẹ̀ ní Ìjọ̀n, ní ìwọ̀-oòrùn Èkó. Ní ọdún 1879 kan náà ni Tetteh Quarshie mú kòkó ti Fernando Po wá sí Gold Coast, tí ó di Ghana lónìí.

Ẹ jẹ́ kí a ronú sí ohun tí ó ṣe yìí. Igi kòkó máa ń gbà tó ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún kí ó tó so dáadáa. Ní gbogbo àkókò náà, a ó máa ro oko, a ó máa bọ́ àwọn alágbàṣe, owó kò sì ní wọlé. Àgbàlagbà tí ó ti rí ìparun òwò kánkán ni ó wá yan ohun tí ń lọ́ra. Oko náà sì gbèrú. Ní ilẹ̀ Ìjọ̀n yìí ni ó gbé òkúta gíga kan ró ní ìrántí Sarah.

Kò fi ìmọ̀ rẹ̀ pamọ́. Ó fi bí a ti ń gbin kòkó han J. K. Coker, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹni tí ó wá di ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú ìjọ African Church tí ó sì ní oko ńlá ní agbègbè Agége. Láti ọwọ́ Coker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, àti láti ọwọ́ àwọn tí ó wá ṣe alágbàṣe ní Agége tí wọ́n sì kó èso kòkó bọ̀ wálé, ni kòkó fi tàn ká inú ilẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí Davies kú ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹrin ọdún 1906, iṣẹ́ náà ti kọjá ohun tí gbèsè lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí ìtàn yìí kàn wá sí ní Adó

Nígbà tí kòkó dé Èkìtì, owó dé. Ilé alámọ̀ tí a fi koríko bò di ilé onípáànù, ilé ilẹ̀ di pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, a sì fi owó kòkó rán ọmọ lọ sí ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wa mọ̀ pé àṣìṣe Davies bá kòkó rìn dé ibí. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ni ó gba owó lọ́wọ́ oníkòkó kí kòkó tó pọ́n, tí ó fi oko dógò, tí olówó sì ń ká kòkó náà lọ́dọọdún títí onígbèsè fi gbàgbé iye tí ó yá.

Lónìí, ilé ni ó wà ní ipò tí oko kòkó wà nígbà náà. Láti ìgbà tí Adó ti di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Èkìtì ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1996, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń wá ilé, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga pẹ̀lú ń wá ilé títí dé Ìwọ́rọ̀kò. Ọmọ Adó tí ó wà ní Èkó, ní London tàbí ní Amẹ́ríkà ń fi owó ránṣẹ́ kí a bá òun kọ́ ilé tí yóò máa mú owó wá. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n kí a ṣírò rẹ̀ kí a tó gbé ìgbésẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan wò ó. Ká ní ilé onílé mẹ́rin kan ná ènìyàn ní ₦20,000,000, tí ayálégbé kọ̀ọ̀kan sì ń san ₦400,000 lọ́dún. Owó tí yóò wọlé ni ₦1,600,000. Ká ní ilé kan ṣófo fún oṣù mẹ́fà, ₦200,000 ti lọ. Ká ní àtúnṣe páànù, gbígbẹ́ kòtò ẹ̀gbin, owó ẹni tí ń bójú tó o àti owó ìjọba jẹ́ ₦300,000. Ohun tí ó kù ni ₦1,100,000. Ẹni tí ó fi owó ara rẹ̀ kọ́ ọ kò ṣe àṣedànù. Ṣùgbọ́n ká ní ó yá ìdajì owó náà ní báǹkì. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, báǹkì àpapọ̀ gbé owó èlé tí ó jẹ́ òṣùwọ̀n fún àwọn báǹkì yòókù dé 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí oníbáǹkì bá gba 30 nínú ọgọ́rùn-ún lórí ₦10,000,000, owó èlé ọdún kan péré jẹ́ ₦3,000,000. Ilé náà yóò fi ₦1,900,000 jẹ onílé ní gbèsè lọ́dọọdún, a kò sì tíì san kọ́bọ̀ nínú owó tí a yá gan-an.

Àwọn kan yóò ní owó ilé kíkọ́ ti ìjọba wà, èyí tí òfin ọdún 1992 dá sílẹ̀, tí òṣìṣẹ́ ń dá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ sí, tí owó èlé rẹ̀ sì kéré púpọ̀ sí ti báǹkì. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ilé tí ènìyàn fẹ́ gbé fúnra rẹ̀ ni a dá a sílẹ̀ fún. Ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ilé ayálégbé kò gbọdọ̀ gbójú lé e.

Kí a má gbàgbé ọdún 2020 pẹ̀lú, nígbà tí àrùn kòrónà ti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga pa fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ilé tí ó gbẹ́kẹ̀ lé ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ nìkan rí ohun tí Davies rí nígbà tí ọ̀nà epo dí. Ẹni tí kò jẹ gbèsè fara dà á títí wọ́n fi padà. Ẹni tí ó jẹ gbèsè, báǹkì kò ti ọjọ́ tirẹ̀ pa.

Nítorí náà, ohun tí ìtàn yìí ń kọ́ wa kò ju mẹ́ta lọ. Kí a kọ́ ilé ní ìwọ̀n agbára wa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ yàrá méjì ní ọdún yìí àti méjì ní ọdún mìíràn, kí a sì lo owó àjọ tàbí ti ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí ọwọ́ wa ká kí a tó lọ sí ibi tí owó èlé ti wọ́n. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìwé ilé rẹ̀ dúró fún òwò tí kò ní àṣẹ lórí iye rẹ̀. Bí ó bá sì di dandan kí a fi ilé dógò, kí a mọ òfin: láti ìgbà òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978, gómìnà gbọdọ̀ fọwọ́ sí i kí ó tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, bí ó bá sì jẹ́ ilé ẹbí, ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn ọmọ kò lè dá a fi dógò. Ọ̀pọ̀ ìjà láàárín ọmọ ìyá ni ì bá má ṣẹlẹ̀ ká ní a ti pe ẹbí jọ tẹ́lẹ̀.

J. P. L. Davies ní ilé, gbèsè sì ká a mọ́ inú wọn. Ó fi £50 ran ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́, ilé-ẹ̀kọ́ náà wà. Ó gbin igi tí kò tètè so, igi náà dé ọ̀dọ̀ wa ní Èkìtì, ó sì kọ́ ilé fún ẹni tí kò mọ orúkọ rẹ̀. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ilé tí a ń kọ́ ní Adó ṣẹ́ kù fún àwọn ọmọ wa. Kí ilé Ewì kó tòrò, kí ìlú wa máa tẹ̀ síwájú. Àṣẹ.